Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Inú ló ń bí mi. Bí mo bá ní kí n kí yín ná, ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Kò pẹ́ tí a sin yín tán tí àbúrò yín, Bàbá Bompai, fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù yín ní France Road. Wọ́n ní ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí òkú fi sílẹ̀ títí ẹbí yóò fi pín ogún. Ẹbí kò sì lè jókòó àfi ní Ọdún Àjíǹde, tí àwọn ará ilé yóò wọ rélùwéè wá láti Ọ̀fà.

Nínú ọyẹ́ Kánò yìí, bàbá mi! Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan kókó àti kọ́sàí, ògì àti àkàrà àwọn Háúsá, láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, ìbáà jẹ́ ìgbà ọlidé tí ilé ìwé kankan kò gbé ìbéèrè ìdánwò wá. Ẹ ó ti bébà tó ti bàjẹ́ bọ̀ ọ́, kí íǹkì inú rẹ̀ lè máa rìn, kó má gbẹ. Ẹ ó wá fi ọ̀rá bò ó, ẹ ó so ó bí ẹni pọnmọ. Ẹ̀yìn àwọn bébà yẹn ni mo ti kọ́ ìṣirò.

Mo lọ bẹ Bàbá Bompai. N kò bèèrè ṣọ́ọ̀bù, n kò bèèrè ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n dúró tì mí, kí n yí i, kí wọ́n sì tún un tì.

"Haba! Ogún bàbá ẹ lo ti ń lé kiri báyìí? Ìwọ tó o máa relé ọkọ lọ́la? Sai an raba gado!"

Àfi tí a bá pín ogún! Wọ́n ń ṣọ́ ogún nítorí olè, ọyẹ́ sì wà nínú ilé tó ń jẹ ẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn lójú ayé yín pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn? Ṣé ẹ rò pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn ni?

Ọdún Àjíǹde dé. Bàbá Bompai di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, kò yí. Wọ́n gbé gbogbo ara lé e, kò mì. Íǹkì ti gan. Bùọ̀dá mi, tí wọ́n fẹ́ gbé e fún, ní òun kò gba òkú irin. Ni wọ́n bá ní kí n máa gbé e lọ, wọ́n tún ní kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́! Mo kúnlẹ̀.

Mo tú u, mo fi kẹrosíìnì àti àkísà yín fọ̀ ọ́ títí èékánná mi fi dúdú bíi tiyín. Lọ́jọ́ tó yí, mo sunkún.

Yàrá kan ni mo gbà fún un ní àdúgbò Noman's Land. Láàárọ̀ àná, Bàbá Bompai gbé ètò ìsìn ìkórè ìjọ wọn wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n wo àgádágodo náà títí, nítorí tiwọn ni, èyí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù yín. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi níwájú onkókó lódìkejì títì. Mo ti yí ẹ̀rọ yín láti ìdájí, nítorí náà mo jókòó mu kókó mi tán kí n tó lọ ṣí i.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, eléèékánná dúdú, tí àárò yín ń sọ.