Mo Ti Sọ Ibi Tí Ẹ Lọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ti sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa níbí ní Agége, mo sọ ibi tí ẹ lọ ní àkókò kòrónà fún gbogbo àdúgbò. Mo sọ ọ́ tán kí n tó jókòó.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ onílé kọ́kọ́ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ìpàdé náà kò tíì lọ jìnnà tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ikọ́, tó di ti kòrónà. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Títí dòní, bí èèyàn bá dárúkọ kónílé-ó-gbélé láàárín ẹni mẹ́ta, ìjà mẹ́rin ló máa rí. Àwọn kan ní ìjọba yá jù láti ti ìlú pa, àwọn kan ní wọ́n pẹ́ jù. Bọ̀dá Múfú, ajórin tó wà lójú ọ̀nà wa, dìde, ó ní òun ò ní gbàgbé ebi tó pa òun àtàwọn ọmọ òun nígbà náà, nítorí àìsàn tí òun ò fojú rí.

Mi ò lè bá a jiyàn lórí ebi. Ẹ̀yin gan-an kì bá tí bá a jiyàn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà nígbà yẹn, tí rédíò á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ ó sì máa dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ yín. Ẹ máa ń sọ fún un pé ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ń ṣàìsàn ni yóò ti gbogbo ilé pa. Ẹ ní kí wọ́n yẹ àwọn èèyàn wò, kí wọ́n sì fún ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó sílé ní oúnjẹ. Ẹ ó wá ju òkúta inú ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi pé ẹjọ́ ti parí.

Níbi ìsìnkú yín ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì yín. Oúnjẹ lẹ̀ ń ṣe, ìjọba kò ti ibẹ̀ pa, ẹ̀yin sì ni ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń di bísíkíìtì sínú páálí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ara ọ̀pá òwú tí wọ́n ń tì bọ imú gan-an ni àìsàn náà wà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Ẹ bọ́ ìbòmú yín, ẹ lọ jókòó lórí àga, ẹ gbójú sókè. Wọ́n ní omi bọ́ lójú yín, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni àwọn tó kù tò sẹ́yìn yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyẹn fún mi?

Nígbà tí èsì dé, wọ́n rí i lára yín. Ẹ ò húkọ́, ara yín ò gbóná. Ẹ pè mí, ẹ ní kí n di aṣọ díẹ̀ àti Bíbélì yín sínú báàgì, kí n gbé e wá sí ìkóríta, kí ọkọ̀ tó máa gbé yín má baà wọ àdúgbò. Àbí ìtìjú mi lẹ ti ń rò kí èmi fúnra mi tó rò ó?

Mo sọ fún gbogbo ilé pé ẹ lọ sí Adó-Èkìtì, pé ara àǹtí yín ò yá. Gbogbo ibodè ìpínlẹ̀ wà ní títì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi mí bí ẹ ṣe kọjá. Tí ẹ bá pè láti ibùdó ìyàsọ́tọ̀, inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń gbé fóònù. Ẹ̀ ń sọ fún mi pé oúnjẹ ibẹ̀ kò níyọ̀, pé ẹ ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lórin Èkìtì. Èmi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rọra sọ̀rọ̀.

Ẹ padà dé, ara yín le. Kí ẹ tó gbé báàgì kalẹ̀ ni mo ti pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, Adó lẹ lọ o."

Ẹ wò mí. Ẹ ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá rédíò lóhùn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì nítorí mi, títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé yín lọ lọ́dún kẹta. Ṣé ó dùn yín? Mi ò bi yín nígbà tí mo lè bi yín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde ní Sátidé ọjọ́ náà. Bọ̀dá Múfú béèrè pé ta ló mọ ẹnì kan péré, ẹni tí a jọ ń gbé, tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i lára rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi ni. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n lọ, kì í ṣe Adó, wọ́n sì padà wá. Èmi ni mo purọ́."

Ìyá Rìsì, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ rántí pé oṣù tí ẹ padà dé gan-an ni Bàbá Rìsì kú, nínú ilé, tí wọ́n ń wá èémí tí wọn ò rí. Gbogbo wa sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ìyá Rìsì wò mí láti ọ̀ọ́kán.

"Ká ní mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé wa lọ tó sì padà wá, ǹ bá gbé ọkọ mi lọ."

Mo kúnlẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá jáde, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Nígbà tó ṣe, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn náà ń pa nǹkan mọ́. Láti bí oṣù méjì ni ikọ́ ti ń dà wọ́n láàmú, tí wọ́n ń fi ìró bo ẹnu kí Rìsì ọmọ wọn má baà gbọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn lọ fún àyẹ̀wò, pé àwọn ò fẹ́ dúró de ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò wá.

Kí ìpàdé tó parí, àwọn onílé gbà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa bọ̀. Bọ̀dá Múfú ní òun ò tíì gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti ìlú pa, ṣùgbọ́n òun á gbé tábìlì àti àga wá fún wọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkẹjà, èmi àti Ìyá Rìsì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ní kí Ìyá Rìsì húkọ́ dáadáa, kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan. Mo bá wọn dé ike náà. Ní Ọjọ́bọ̀, èsì jáde: ikọ́ ife ni. Nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ ṣàlàyé pé oògùn rẹ̀ wà, pé tí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìdá a dúró, ó máa lọ. Wọ́n yẹ èmi àti Rìsì náà wò. Kò sí nǹkan kan lára wa.

Màámi, kí n má purọ́ fún yín, bí a ṣe ń bọ̀ nílé ni mo ti ń to irọ́ míì sílẹ̀ nínú mi, tí a máa sọ fún àwọn ará ilé. Ìyá Rìsì kò béèrè lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe wọlé, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán ẹ̀rọ omi tí àwọn èèyàn ti ń pọn omi, wọ́n gbé ìbòmú wọn wọ̀ dáadáa, wọ́n ní, "Ikọ́ ife ló ń ṣe mí. Wọ́n ti fún mi lóògùn. Ẹ lọ yẹ ara yín wò."

Obìnrin kan fa korobá rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyàwó tuntun tó ń gbé lókè pètéẹ̀sì tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó wá béèrè aago tí wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn ní ilé ìwòsàn náà.

Èmi ni mo dá a lóhùn pé aago mẹ́jọ ni, pé kó má fi falẹ̀, kí èrò má baà pọ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní fi yín pamọ́ mọ́.