Festus Akíndúró, Ẹni Tí Ó Fi Kọ̀ǹpútà Tọpa Àrùn Èéyi ní Warri (1928–1981)

Igbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni a ti bí Olóògbé Festus Akíndúró ní ọdún 1928. Morákinyọ̀ Akíndúró, apẹja, ni baba wọn. Àríkẹ́ ni ìyá wọn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà nílùú wọn, wọ́n kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n sì gbé Morẹ́nikẹ́ Adégbọlá níyàwó ní 1957. Ní 1974, ilé-iṣẹ́ epo tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ gbé wọn wá sí Warri láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà. Àdúgbò Ajamimogha nínú ìlú náà la gbé. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá àwa ọmọ sọ̀rọ̀, pijin la fi ń dá wọn lóhùn, wọn kò sì jáwọ́. Ọdún méje ni wọ́n fi kọrin nínú ìjọ láìní ohùn. Ọlọ́run ló mọ bí àwọn akọrin ṣe fara dà á.

Ní 1978, èéyi bẹ̀rẹ̀ sí pa ọmọdé ní Warri. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tó gbogbo ìlú. Àwọn elétò ìlera kó ìwé orúkọ àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn wá bá Bàbá, orúkọ àbísọ àti àdúgbò nìkan ló wà níbẹ̀, pé kí wọ́n fi ìṣirò wá àdúgbò tí àrùn náà ti ń ràn jù. Kí kọ̀ǹpútà má baà ka ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá pàṣẹ fún un pé orúkọ tó bá jọra ní àdúgbò kan, kí ó kà á sí ẹnì kan. Yorùbá paraku ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n gbàgbé ìbejì. Láàárín àwọn ọmọ oníṣòwò ará Ògùn ní àdúgbò Pessu, Táíwò mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà, Kẹ́hìndé mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà sọ wọ́n di ọmọ méjì péré. Pessu wá dà bí ibi tí àrùn kò ti pọ̀, abẹ́rẹ́ sì kọ́kọ́ lọ sí àdúgbò Ijala.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Màmá tó wo ìwé náà, tí wọ́n bèèrè pé, "Bàbá Mojọlá, ṣé Táíwò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Pessu ni?" Bàbá dìde láìjẹun tán. Wọ́n fi orúkọ ìyá kún ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, abẹ́rẹ́ sì dé Pessu lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló yè. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Táíwò, ọmọ Rosemary Bọ́dúnrìn, tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀, ti kó èéyi, ó sì ti kú. Bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sọ ẹ̀bi wọn fún ìyá náà. Ó dùn wọ́n títí ọjọ́ ikú. A kò ní fi pamọ́.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 1981. Wọ́n fi Morẹ́nikẹ́ aya wọn sáyé lọ, pẹ̀lú àwa ọmọ, Mojọlá, Olúṣọlá àti Fúnmilọ́lá, àti ọmọ-ọmọ méjì, Ọmọ́táyọ̀ àti Mary.

Bí a ti ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́, Rosemary, ìyá Táíwò, wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Abeg, make una write my Táíwò join am. I no dey vex again." A ti kọ ọ́: Táíwò Bọ́dúnrìn, ọmọ Rosemary, Pessu, ọmọ ọdún méjì.

Bàbá, ẹ bá wa dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ sùn re o.