Òótọ́ Tó Kù Sí Mi Lẹ́nu

Màámi, ẹ kú àárò mi o. Ara mi le koko, mo ń jẹun dáadáa. Ọ̀gá mi tiẹ̀ fún mi ní ìsinmi tí mi ò tọrọ.

Ẹ béèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe ní yàrá ìwádìí wa. À ń wo ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe sí ìrántí àgbàlagbà ni. Bí ẹnì kan bá rántí ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún nínú ogún, a óò ní méje péré ló gbà, kí ẹ̀rù lè bà á. Ṣùgbọ́n òfin ni pé ká jẹ́wọ́ irọ́ náà fún onítọ̀hún kó tó jáde. Èmi ni ajẹ́wọ́.

Màmá aránṣọ kan wá, ẹgbẹ́ yín ni. Bí mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú: “O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ọmọ mi ò lè sọ fún mi pé mo ti ń gbàgbé nǹkan.” Màámi, báwo ni mo ṣe fẹ́ wojú àgbà kí n ní irọ́ ni mo pa? Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo pè é lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní màmá ti gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíì, pé orí òun ò pé mọ́. Mo sọ gbogbo òótọ́. Ọmọ náà lọ jíṣẹ́, ó padà dé: “Wọ́n ní ẹ ṣeun, ẹ kàn ń ṣàánú àwọn ni.” Ẹyin lohùn lóòótọ́.

Ẹ bá mi kí bàbá àti àwọn àbúrò mi. Tí ẹ bá tún ń wá jígí tó wà lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni o.

Èmi ọmọ yín.