Ìfági Inú Ìwé Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi jàre. Káfíńtà ni mí n'Íjẹ̀gùn, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1. Mo ń yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò, sáyẹ́ǹsì, ìṣirò, iṣẹ́ ọ̀gbìn, ni mo bá rí àwòrán ìfági tí mo fi ń fá pákó nínú ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ṣùgbọ́n mo ní wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ la máa ń fi lélẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà kú. Ọmọ lọ sọ fún tíṣà. Tíṣà ní kí n wá kọ́ gbogbo kíláàsì lọ́jọ́bọ̀.

Ìyàwó mi ti lọ agbádá sílẹ̀ fún mi. Ọmọ ní aṣọ iṣẹ́ mi, tòun ti gọ́ọ̀mù ara rẹ̀, lòun fẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni kí n wọ̀? Mi ò jókòó ní kíláàsì sẹ́kọ́ńdìrì rí. Ìdúró níwájú bíi tíṣà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.