Irọ́ tí Mo Pa fún Dókítà

Ìyá Rósì,

Kí o tó ti àdúrà òwúrọ̀ dé, mo ti padà sí ọ́fíìsì àwọn sójà àtijọ́. Rósì bá mi lọ. Irọ́ ni mo pa fún ọ lánàá. Wọn ò fi owó gbà-má-bínú dù mí. Èmi ni mo sọ fún dókítà wọn pé wárápá tí mo gbé bọ̀ láti ojú ogun ti lọ. Àbúrò bàbá àfẹ́sọ́nà Rósì ni akọ̀wé tó jókòó tì í, àwọn ẹbí ọkọ sì ń wádìí ìdílé wa lọ́wọ́. Ojú tì mí.

Láàárọ̀ yìí wárápá náà tún gbé mi ṣánlẹ̀. Rósì ló nu itọ́ ẹnu mi. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ òótọ́. Ọkọ tí kò bá lè gbé yín dìde, mi ò fẹ́ ẹ."