Àga Ìyá Rẹ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Bí mo ṣe máa ń kígbe láti ìsàlẹ̀ kànga kí ẹni tó wà lókè lè gbọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ti dẹ́kun ariwo pípa? Ẹni tó bá ní kí o má sinmi, Ọlọ́run á wá iṣẹ́ fún un níbi tó jìnnà sí ọ. Àmín.

Nílé níbí, kò sí láburú. Adìyẹ dúdú yẹn ti pamọ, méje ló yè. Onígbàjámọ̀ tó múlé tì wá ló bá mi tọ́jú wọn nígbà tí mo rin ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òkun ti gbé mi lọ. Nígbà tí mo sọ̀ nínú mọ́tò, ṣe ni wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé ṣọ́bìrì mi lọ. Ó ti dá a padà.

O ní kí n kọ̀wé sí ọ bí ìsinmi orí òkun tí o rà fún mi ṣe lọ, kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Ó dára. Fìdí kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a wọ ọkọ̀, fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ó ń bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo kọ Ọlọ́run. Ọmọbìnrin ìdí tábìlì ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo ní àdúrà la fi ń pè é. Ó ní kí n wá ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ fi wà níbẹ̀. Má bínú pé ipò kejì ni o wà.

Lẹ́yìn náà ló wo ìwé mi, ó ní yàrá ènìyàn méjì ni, pé owó ènìyàn méjì ni wọ́n sì ti san lé e, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó bá dá wá. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi níwájú èrò. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ìyá rẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí a ti sin ín, o ṣì lè ra àyè fún un nínú ọkọ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé ẹnì kejì mi ti ṣíwájú. Ó ní kò burú, ṣé inú ọkọ̀ ló ti ń dúró dè mí. Mo ní ibi tó wà jìnnà ju ọkọ̀ lọ.

Yàrá náà dára. Kò ní fèrèsé, ara mi sì balẹ̀, torí ẹni tó ti fi ogójì ọdún gbẹ́ kànga, ibi tó bá ti lè na ọwọ́ kan ògiri méjèèjì ló ti ń sùn dáadáa. Káàdì pelebe kan ni kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá kì í bọ ilẹ̀kùn, iná kékeré kan á ṣẹ́jú sí mi, èmi náà á ní ẹ ṣé o. Kò yẹ kí ilẹ̀kùn kí ènìyàn kéèyàn má dáhùn.

A kò tíì kúrò létí omi tí fèrè fi dún, tí wọ́n ní kí gbogbo wa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan tó fún mi lọ́rùn. Mo gbà pé ó ti parí nìyẹn. Mo di ọwọ́ olùkọ́ obìnrin kan mú, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà dá wá, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo fọ́ àkàbà onígbàjámọ̀ tí mo wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjì. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n kàn ń kọ́ wa bí a ó ṣe sá ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, bí onígbàjámọ̀ bá pè ọ́ lórí fóònù, o ò gbọ́ nǹkan kan.

Nídìí oúnjẹ, mo ní kí ọkùnrin tó ń gbé àwo gbé ti ìyá rẹ náà wá, torí owó rẹ̀ ti wọlé. Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ́ àwo síwájú àga òfìfo, ó bu ọbẹ̀ sí i, nígbà tó yá ó tún gbé e lọ ní tútù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkàn mi kò gbà á mọ́. O mọ ìyá rẹ, obìnrin tó máa ń ha ìdí ìkòkò títí ìkòkò á fi máa bẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n wá ń da oúnjẹ rẹ̀ nù lójoojúmọ́!

Ọ̀rọ̀ táwẹ́ẹ̀lì ló wá yí nǹkan padà. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì bí ẹranko sórí bẹ́ẹ̀dì, ehoro lónìí, pẹ́pẹ́yẹ lọ́la. Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Ta ni yóò tú ehoro kí ó tó nu ìdí? Síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi ń nura, mo sì ń to àwọn ẹranko náà sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, alágbàfọ̀ ọkọ̀ gòkè wá láti wá táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí kò padà sísàlẹ̀. Obìnrin ni, kò lè dàgbà jù ọ́ lọ, èdè wa ló sì ń sọ. Nígbà tó rí agbo ẹran mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ló bá jókòó sórí àga. Kíá ló tún fò dìde bí ẹni jókòó lé ìjàlọ, ó ní kí n dárí ji òun, pé òṣìṣẹ́ kì í jókòó níbi tí àlejò wà.

Mo bi í pé níbo ló wá ń jókòó. Ó ní nísàlẹ̀. Ó ní ọdún kejì òun nìyí, òun lòun ń fọ gbogbo aṣọ tábìlì yàrá oúnjẹ tí òun sì ń lọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò fojú kan yàrá náà rí. Àwọn ọmọ òun méjì máa ń bi òun lórí fóònù bí òkun ṣe rí, irọ́ lòun sì ń pa fún wọn, torí ibi ìfọṣọ kò ní fèrèsé, bí iṣẹ́ bá sì parí, oorun ló kù. Ọmọ mi, èmi tí mo fẹ́ràn ihò, ti èyí ká mi lára. Bí mo bá wà nínú kànga, mo mọ̀ pé ìyá rẹ wà lókè, ó di okùn mú. Ta ló di okùn mú fún obìnrin yìí?

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí àga yẹn tọ́ sí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí alágbàfọ̀ wá jẹun lórí àga ìyá rẹ nídìí tábìlì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òfin kò gbà á, wọ́n sì fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n fi nọ́ńbà sọ bí inú mi ṣe dùn tó, láti oókan dé àrún. Mo fún oúnjẹ wọn ní mẹ́fà. Mo fún àánú wọn ní òdo. Àṣé mo ti dá wàhálà sílẹ̀. Alágbàfọ̀ gbọ́, ó sáré wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi ọṣẹ, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀, kí wọ́n má baà lé òun. Mo wò ó pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, àti pé ẹni tó bá la ihò sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ògiri rẹ̀ kí ó má baà wó lé ènìyàn lórí.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá atukọ̀ wọ aṣọ funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn àlejò máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n sì máa ya fọ́tò. Nígbà tó kàn mí, mo gba ọwọ́ náà, n kò dá a padà. O mọ ọwọ́ agbẹ́kànga. Mo ní kí ó dá mi lóhùn ìbéèrè kan péré: ìyàwó mi tí wọ́n gba owó rẹ̀, ṣé ó wà nínú ọkọ̀ yìí àbí kò sí? Bó bá wà, ẹni tó bá wù ú ni kí ó fi oúnjẹ rẹ̀ ṣe lálejò. Bí kò bá sí, owó ta ni wọ́n gbà? Mo ní alágbàfọ̀ kò rán mi níṣẹ́, kódà ó ní kí n panu mọ́, nítorí náà bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, èmi ni kí wọ́n jù sómi. Olùkọ́ yẹn ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo sì fura pé ó ń fi tirẹ̀ kún un, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Èrò ẹ̀yìn ti ń kùn. Ọ̀gá atukọ̀ wo ojú mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó há. Ó ní òun kò rí èsì ìbéèrè yẹn nínú ìwé òfin ọkọ̀. Ó ní kí alágbàfọ̀ wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́ tó gbẹ̀yìn, pé òun fúnra òun ló pè é, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ bá a wí kí ó wá bá òun. Mo wá dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún un.

Ó wá lóòótọ́. Aṣọ tó wọ̀, ó yá a ni, bàtà náà tóbi tó fi ki bébà sí i. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí etí aṣọ tábìlì wò, ó rí àbàwọ́n kékeré kan, ló bá fẹ́ ká a kúrò lọ fọ̀; èmi àti olùkọ́ la fà á jókòó. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ, tí wọ́n jọ ń jẹun nísàlẹ̀, ń du ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbé tirẹ̀ wá, màdámù lọ́tùn-ún, màdámù lósì. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ó jẹun títí, ó wá kọjú sí fèrèsé. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ fún wọn pé òkun tóbi, pé kò dúró sójú kan, pé ó ń mí bí ẹni tó sùn. Àwo ìyá rẹ mọ́ féfé.

Ó ku ẹ̀bẹ̀. Ìsinmi obìnrin náà bọ́ sí oṣù méjì sí i, yóò wá kí mi. Má rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, àwọn ọmọ ń bọ̀. Òrùlé yàrá rẹ àtijọ́ sì ń jò, nítorí náà fi owó páànù díẹ̀ ránṣẹ́ àti ti mátírẹ́ẹ̀sì. Má fi gba inú ẹ̀rọ ara ògiri báńkì yẹn o. Ìgbà tó kọjá, kò tíì kí mi tó fi ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún òun. Mo ní àjèjì tó ń wádìí àṣírí ènìyàn lójú títì, olè ni. Mo bá tèmi lọ.

Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ilé tí o bá wọ̀, wọn á fi ìjókòó lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́ lórúkọ. Ọwọ́ rẹ kò ní fọ ohun tí ojú rẹ kò ní rí lò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.