Bàbá, Ẹ Má Gbà Kí Wọ́n Lé Ará Gáà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin níbí. Ká má parọ́, orí àpótí ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí Àfáà wa. Mo kí àwọn àbúrò mi tí wọ́n ti pín aṣọ mi láàárín ara wọn látìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo gbọ́, mi ò sì tíì gbàgbé.

Àfáà ni mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Lúkúmánù, torí Bùrọ̀dá máa ń fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn. Ẹ má bínú pé mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ẹlòmíràn náà rí i kà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé àwọn kan náà, ọmọ wọn sì lè wà nígboro bíi tèmi tí kò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ abúlé wa. Ẹ sì mọ ibi tí mo kàwé dé kí n tó fi í sílẹ̀, tí mo bá kọ ọ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, ẹ bá mi tò ó.

Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù Màdáámù mi ní Táíwò Road kì í ṣófo, àmọ́ aṣọ tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Àtúnrán ló pọ̀. Ìyá kan á kó kaba rẹ̀ àtijọ́ wá pé ká fi rán ti ọmọ òun. Ọkùnrin á mú ṣòkòtò wá pé ká bá òun gbà á sínú, torí òun ti rù. Gbogbo nǹkan ti wọ́n, kálukú sì ń wá bí á ṣe lo ohun tó ní. Nídìí aṣọ àtijọ́ yẹn ni mo ti kọ́ pé ẹni tó bá ń fi ìbínú tú ojú rírán, aṣọ gan-an ló máa fà ya. Màdáámù ti lé mi dìde nídìí iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Wọ́n ní ojú mi tó le yìí ò jẹ́ kí oníbàárà fẹ́ dúró. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bá jí, mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì ní mọ ohun tí wọ́n fi ṣe mí.

Ọyẹ́ ti wọlé. Eruku ti bo gbogbo páànù àdúgbò Gàmbàrí níbí, ètè mi là débi pé tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ á yọ, ìyẹn ni mo fi ń ṣe àwáwí pé mi ò rẹ́rìn-ín. Agbo ilé tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Sẹ̀kínátù, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ fi àbúrò yín fún wọn. Èèyàn kún un dẹ́nu. Mi ò lè rí igun kan sunkún sí kí ẹnì kan má bi mí pé kí ló dé. Síbẹ̀ ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo wà láyé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń rìn lọ sí Ọjà-Ọba, mo máa ń dúró nítòsí àwọn tó ń ta wàrà, mi ò ní rà, mo kàn fẹ́ gbóòórùn ẹ̀. Òórùn ilé wa ni. Òórùn gáà Bàbá Hárúnà ni, ibùdó àwọn Fúlàní abúlé wa.

Ọ̀rọ̀ gáà yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùrọ̀dá Lúkúmánù fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mò ń já ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láàárín agbo ilé. Fóònù mi ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé sétí, àfi kó pariwo kí n tó gbọ́, ni mo bá jẹ́ kó pariwo. Bùrọ̀dá ní gbogbo ọ̀dọ́ abúlé ti fẹnu kò. Ó ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí oṣù tuntun bá lé, bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n máa lọ sọ fún Bàbá Hárúnà àti gbogbo ẹbí wọn ní gáà pé kí wọ́n kó màlúù wọn, kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti jí Bàbá Ráfíù aládùúgbò wa gbé lóko ni ojú òun ti là. Ó ní Fúlàní kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá gbé, ti oko ni o, ti ilé ni o, kí wọ́n kó gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó ní ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan ló kù, torí bàbá tó bí Bàbá ló fún wọn nílẹ̀. Bí Bàbá bá ti lè ní kí wọ́n lọ, ó tán.

Ìgbà tí ohùn Bùrọ̀dá parí ni mo tó mọ̀ pé gbogbo agbo ilé ló ti gbọ́ ọ. Ọkọ Àǹtí gbójú sókè kúrò lórí tẹ̀sùbáà wọn. Àǹtí wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ojú gbá mi létí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ Àǹtí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, pé etí àwọn ò mú un tán. Mo tún un gbé sí i. Nígbà tó parí, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ń bọ̀. Mo ní ọkọ̀ wo, Ìyá? Wọ́n ní ọkọ̀ tó máa kó àwọn padà síbi tí àwọn ti wá ni, kí àwọn lè tètè ká ẹní àwọn.

Bàbá, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ó ti lé lọ́dún tí mo ti ń bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà, mi ò mọ̀ pé ilé Fúlàní ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ara wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń jà. Ìyá Àgbà ló ń bá mi tún Yorùbá tèmi ṣe tí mo bá sọ ọ́ bí ará oko. Àǹtí ló wá là á yé mi pé bàbá bàbá ọkọ àwọn, màlúù ló dà wọ ìlú yìí, pé èdè Fúlàní ti tán lẹ́nu wọn tipẹ́, ìkíni kan péré ló kù lẹ́nu Ìyá Àgbà, kò sì dá wọn lójú pé àwọn ń pè é dáadáa. Wọ́n ní irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìlọrin. Fúlàní fẹ́ Yorùbá, Yorùbá fẹ́ Gàmbàrí, Núpé náà wà ńbẹ̀, wọ́n ti bímọ fún ara wọn títí tí kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́.

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, mo tún wá bà á jẹ́ sí i. Mo ní kì í ṣe irú tiwọn ni Bùrọ̀dá ń bá wí, pé àwọn tinú igbó ni. Ìyá Àgbà ní ẹn-ẹ́n, ó ti yé àwọn wàyí, pé Fúlàní tó bá ti kan páànù mọ́lé kì í ṣe Fúlàní mọ́. Ọkọ Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbì, Ìyá Àgbà pè mí sí yàrá wọn. Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló gbé Bàbá Ráfíù. Mo ní a ò mọ̀. Wọ́n ní ṣé Bàbá Ráfíù rí ará gáà kankan láàárín àwọn tó gbé wọn ni? Mo ní rárá, aṣọ ni wọ́n so mọ́ wọn lójú. Wọ́n ní ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará ilé mi kì í ṣe ẹ̀rù irọ́, pé tó bá jẹ́ àwọn náà ló wà níbẹ̀, àwọn ò ní lọ sóko. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ọ̀daràn ló ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, orúkọ yẹn ni kí wọ́n máa wá kiri. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti ń fi orúkọ ẹ̀yà pè é, àyè ti gbà á láti sá pamọ́ sáàárín àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Àtọjọ́ náà, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n á ní Mújídátù, ṣé ọkọ̀ wa ti dé? Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ó ń bí mi nínú, mo sì ń dáhùn pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà.

Mo pe Bùrọ̀dá. Ó ní ìgboro ti wọ̀ mí lára, kí n lọ jókòó ti máṣíìnì mi, pé èmi kọ́ ni mò ń gba ẹ̀yìn igbó kọjá. Òótọ́ ni ìyẹn, ó sì dùn mí. Mo wá bi í pé àwọn ọmọ Àǹtí Sẹ̀kínátù ńkọ́, tí a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, ṣé kí àwọn náà máa lọ? Ó ní ìyẹn ti di ará Ìlọrin. Mo ní ṣebí abúlé wa ni wọ́n bí Hárúnà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá rẹ̀ náà sí. Báwo ni ó ṣe máa pẹ́ tó kí àwọn náà tó di ará ibẹ̀? Ó ní káàdì òun ti ń tán lọ. Bàbá, èmi ni mo pè é.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti gbọ́n ju ilé lọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ojú ọ̀nà yẹn ló jẹ́ kí n má wálé. Nígbà tí wọ́n dá Bàbá Ráfíù sílẹ̀, tí Ìyá gbé fóònù fún wọn kí n lè kí wọn, wọn ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń gbọ́ èémí wọn. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà, ká ní ẹnì kan ní kí n tọ́ka sí ẹni tí wọ́n máa lù, ǹ bá tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Mo rò pé ohun tó ń ṣe Bùrọ̀dá náà nìyẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń wá ẹni tó sún mọ́ ọn tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ Bàbá Hárúnà. Ọwọ́ wọn ni màlúù wa wà láti kékeré mi. Wọ́n ń bá yín dà á, wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ tà, ìyẹn ni owó iṣẹ́ wọn, kò sí àkọsílẹ̀ kankan láàárín yín. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbé awọ rẹ̀ wá fi hàn yín kí ẹ má bàa rò pé wọ́n tà á. Bí a bá kórè tán, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí wọ́n kó agbo wá sùn sóko wa, kí ìgbẹ́ wọn lè sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá fún àgbàdo ọdún tó ń bọ̀. Bùrọ̀dá ní ká gba màlúù wa kí wọ́n tó lọ. Ta ló máa dà á? Ṣé Bùrọ̀dá tí ewúrẹ́ Ìyá sọnù mọ́ lọ́wọ́ ni?

Bí abúlé bá fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀, mo rò pé kí àwọn ọdẹ wa àti àwọn ọmọ gáà jọ máa ṣọ́ igbó, àwọn tó mọ ọ̀nà inú igbó nìyẹn. Kí ẹ ní kí Bàbá Hárúnà máa mú àlejò tó bá sọ̀ sí gáà wá han ìlú. Bí ọwọ́ ẹnì kan ńbẹ̀ kò bá mọ́, kí wọ́n pe ẹni náà lórúkọ, kí wọ́n fà á fún ìjọba. Ọmọdé ni mí, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó ṣeé ṣe.

Ìyá sọ nǹkan kan fún mi lánàá tí kò jẹ́ kí n lè dúró mọ́. Wọ́n ní Bàbá Hárúnà ò wá kírun ní mọ́sálásí wa mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti ya màlúù wa sọ́tọ̀ kúrò lára tiwọn, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé ní Àlàmísì tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, àwọn máa dà á wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé àwọn kó màlúù onímàlúù lọ. Ìyá ní ẹ gbọ́ iṣẹ́ náà, ẹ ò fèsì.

Bàbá, mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá gba àwọn màlúù yẹn ní Àlàmísì, ẹ ò nílò láti sọ̀rọ̀ kankan ní Jímọ̀. Gbogbo abúlé á ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Bí wọ́n bá dé, ẹ jáde, ẹ ní kí Hárúnà dá agbo padà sí gáà, kí ẹ sì ní kí bàbá rẹ̀ dúró, kí wọ́n sùn sílé wa mọ́jú, kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ rìn lọ sí mọ́sálásí lójú gbogbo èèyàn.

Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà jíǹkí yín. Á ṣọ́ àlọ yín sóko, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Ráfíù, wọn ò ní láti dáhùn. Ẹ kí Bùrọ̀dá Lúkúmánù, mò ń bínú sí i, àmọ́ ẹ bá mi kí i. Ẹ kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí ará gáà.

Èmi ni ọmọ yín tí kì bá lè sọ gbogbo èyí lójú yín,

Mújídátù.